Kọ̀ǹpútà Màmá Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí gan-an ni ọmọ ọ̀gá tó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé ọ́fíìsì. Ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ni. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, àyè sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ti ọdún yìí náà bá tún lọ, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí. Síbẹ̀, òun náà ló ní kó fara balẹ̀, pé ọ́fíìsì tí òun ń ṣe ọ̀gá lé lórí kò lè tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun.

Akọ̀wé márùn-ún ló ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà. Èrò tò gbọọrọ síwájú mẹ́rin. Àga iwájú Màmá Jẹ́jẹ́ nìkan ló ṣófo, torí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ a máa ro àròjinlẹ̀ kó tó gba orúkọ ẹnì kan, gbogbo èèyàn ló sì ti mọ̀. Ọmọ ọ̀gá kò mọ̀kan. Ó jókòó síbẹ̀. Màmá wo fọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tún kà á sí i létí.

"Ó ti wọlé, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ o pàsì."

Àmín yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi yọ.

"Ta ló ní kó o jókòó síbẹ̀? Ẹ̀hẹn, Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Ọ̀gá, mo ti kà á dáadáa o. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

"Mo ní kẹ́ ẹ yọ ọ́! Mi ò fẹ́ kí orúkọ ọmọ mi di àwátì."

Ẹjọ́ Màmá ti pẹ́ nílẹ̀. Orúkọ tó bá tẹ̀ kì í hàn lójú kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ti àwọn mẹ́rin yòókù ló ń hàn. Bí wọ́n bá bi í, á ṣí tirẹ̀ hàn wọ́n, orúkọ á sì wà níbẹ̀ gbangba. Àmọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ ní tiwọn. "Àbí èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ níbí ni?" ló bi wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí olú-iléeṣẹ́ pè lórí fóònù pé iṣẹ́ ẹ̀ka yín mà kéré o, ọ̀gá kò bi wọ́n bó ṣe kéré tó. Ó mọ ẹni tó ń kó bá òun. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wá to kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ, Màmá kò sí níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó bímọ ló lọ tọ́jú. Ìgbà tó dé ni ẹnì kan láti olú-iléeṣẹ́ tó júwe fún un lórí fóònù bó ṣe máa to tirẹ̀, òun nìkan ṣoṣo.

Màmá yọ orúkọ náà. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ọmọ ọ̀gá bọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Mànàmáná. Kó tó jókòó dáadáa, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀gá sáré wọ yàrá rẹ̀ lọ wò ó. Orúkọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn kedere, lábẹ́ gbogbo orúkọ tó ti wà níbẹ̀ láti orí Làmọ̀rín Ọmọ Lágbájá, tí ẹnì kan fi ṣàwàdà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí kò sì sẹ́ni tó rántí yọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọ̀sán ni ẹnjiníà tó ránṣẹ́ pè dé. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó tú inú kọ̀ǹpútà Màmá wò, ó tú ti Mànàmáná, ó sì fọwọ́ pe ọ̀gá.

"Ẹ wò ó, sà. Ibí yìí là ń pè ní rẹ́jísìrì. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti máa ń ka àdírẹ́sì àká tó máa kó orúkọ lọ. Àdírẹ́sì tàwọn mẹ́rin yìí bára mu. Ti Màmá ló yàtọ̀."

"Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́?"

"Ṣé ká pe olú-iléeṣẹ́, ká bi wọ́n èwo gan-an ni—"

"Bi wọ́n kẹ̀? Ẹni mẹ́rin ń lọ síbì kan, ẹnì kan dá gba ọ̀nà tirẹ̀, ẹ tún fẹ́ lọ bèèrè ẹni tó ṣìnà! Ẹ tún ti Màmá ṣe fún wọn, jàre."

Ẹnjiníà ṣẹ́jú, ó sì da àdírẹ́sì ti Mànàmáná kọ sínú ti Màmá. Bó ti pa kọ̀ǹpútà tó tún tàn án, orúkọ rọ́ wọlé, Làmọ̀rín Ọmọ Lágbájá ló ṣíwájú wọn. Gbogbo ọ́fíìsì hó yèè. Màmá tẹ orúkọ ẹnì kan wò, ó wọlé wàràwàrà. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Hẹ̀n, ó ti jẹ́," ló wí. "Èmi ni mo wá ń jẹ̀bi láti ọjọ́ yìí."

Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀gá. Ó ti pinnu láti lé e lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní kò tán síbẹ̀, kó kàn máa fara balẹ̀ gbọ́ tẹni. Lẹ́yìn náà ló fóònù ilé pé kí ọmọ òun lọ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà ní pẹrẹu, ohun gbogbo ti bọ́ sípò.

Nígbà tí olú-iléeṣẹ́ ti àká ìdánwò gidi pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ láti ẹ̀ka yẹn àyàfi èyí tí Màmá Jẹ́jẹ́ tẹ̀ kí ẹnjiníà tó dé tí kò sì yọ, torí àká tí wọ́n fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́ lásán ni kọ̀ǹpútà ọ̀gá àti ti àwọn mẹ́rin yòókù ṣì ń kó gbogbo tiwọn lọ.