Ọwọ́ Oníbaaka

Kí ló dé tí Fadá kò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn? Títí di òní, Obdulia kò rí ìdáhùn.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìjọba ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú San Gaspar pa, wọ́n ní àlùfáà tí ọwọ́ bá tẹ̀, ìbọn ni. Fadá Anselmo bọ́ aṣọ oyè, ó dá irùngbọ̀n sí, ó dé akẹtẹ̀, ó ń da ìbaaka kiri. Ilé Obdulia ló ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀, omi inú ife ló lò. Nígbà tó parí, Obdulia àti Crispín ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ bí gbogbo ìlú ti máa ń ṣe láti kékeré.

Fadá rẹ́rìn-ín. "Ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀ o. Ẹnu yín ló máa pa mí. Chema oníbaaka lẹ máa pè mí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn sójà yí ìlú ká. Wọ́n da ọkùnrin mọ́kànlélógójì sínú ọgbà màlúù, wọ́n tò wọ́n sórí ìlà, Fadá wà láàárín wọn.

"Àlùfáà kan ń bẹ níbí," ni ọ̀gágun wọn wí. "Bí mi ò bá rí i di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, láti apá òsì ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn."

Crispín ni ẹnì kẹta láti apá òsì.

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Crispín nìkan ni wọ́n mú jáde, nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kó lọ kan irin mọ́ pátákò ẹṣin ọ̀gágun, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó padà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, sójà kan dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

"Ìyàwó ẹni tó ń kan irin ẹṣin dà? Ọkọ ẹ ní ebi fẹ́ lu òun pa. Gbé oúnjẹ wá. Ìwọ nìkan o!"

Ìyá Petronila, aládùúgbò rẹ̀, di apá rẹ̀ mú. "Wò mí lójú. Ta ni ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn?"

"Chema oníbaaka."

"Tún un sọ."

"Chema oníbaaka ni, Ìyá."

"Má wojú ẹ̀ o. Má tiẹ̀ kí i."

Obdulia kò tíì sùn láti ijẹta. Ó pọn ọmọ, ó gbé ẹ̀wà àti àkàrà àgbàdo dání. Crispín gba tirẹ̀, kò gbójú sókè.

"Fún oníbaaka náà ní díẹ̀," ló wí. "Kò tíì jẹun."

Fadá na ọwọ́ láti gbà á. Kí Obdulia tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wà lórí ọwọ́ náà.

Sójà kan bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ wá wo oníbaaka tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí!"

Ọ̀gágun kọ́kọ́ mu kọfí rẹ̀ tán. "Ó tó," ló wí. "Ẹ mú un."

Fadá gbé ọwọ́ kan náà lé orí Obdulia. "Gbé ọmọ relé, ọmọ mi. Oòrùn ti ń mú."

Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri itẹ́ òkú. Wọ́n tú àwọn ọkùnrin tó kù sílẹ̀. Crispín wálé.

Láti ìgbà náà, bí ìjà bá ti dé láàárín wọn, gbólóhùn kan ni Crispín máa ń sọ: "Èmi kọ́ ni mo fi ẹnu pa àlùfáà." Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì padà, Crispín kò gba ara Olúwa mọ́ títí ó fi kú. Àwọn ará ìlú ní ìtìjú ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe ló ń bá a.

Lọ́dún kejìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n yìnbọn fún Fadá, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Crispín, ọ̀dọ́ àlùfáà kan tó ń gba ẹ̀rí jọ nípa ikú Fadá ka lẹ́tà kan fún Obdulia, èyí tí ọ̀gágun kọ sí ọ̀gá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn: "Crispín Arreguín ti fi àlùfáà náà hàn mí, ó sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ìyàwó òun gbé oúnjẹ wọlé lọ́la, torí kò ní ṣàì kúnlẹ̀ kí i, kí ìlú má baà mọ̀ pé òun ló fi í hàn."