Ohio Lára Ilẹ̀kùn Wa

Ta ló lẹ Ohio mọ́ ilẹ̀kùn mi?

Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí èmi àti Marlys, ìyàwó mi, ti ń gbé inú ọkọ̀ tó jẹ́ ilé wa yìí káàkiri Amẹ́ríkà.

Máàpù wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí a bá sùn sí nìkan ni a ń lẹ bébà aláwọ̀ mọ́. Ẹni tó bá lẹ ibi tí kò sùn sí, òpùrọ́ ni lójú gbogbo àwa tí ń gbé inú ọkọ̀.

Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ tí ọkọ̀ lè dé, Ohio nìkan ló ṣófo.

Ibẹ̀ ni Verlin, àbúrò mi, ń gbé. Níbi ìsìnkú bàbá wa ló ti pè mí ní púrúǹtù lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pé mi ò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi lẹ̀gbọ́n. Òun ni yóò wá bẹ̀ mí. Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí.

Láàárọ̀ yìí, Ohio ti di pupa.

"Marlys, ṣé ọjọ́ ogbó lo wá fẹ́ di òpùrọ́?"

"Orrin, mo sùn níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo ní mò ń lọ kí ọmọ wa ní Texas."

Mo ti èékánná bọ abẹ́ bébà náà kí n lè ya á. "O lọ bá mi bẹ̀ ẹ́, àbí?"

"Ọsibítù ni mo sùn sí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Ọwọ́ mi dúró. "Ṣé ó béèrè mi?"

"Mo sọ fún un pé ò ń wakọ̀ bọ̀. Títí tó fi dákẹ́, ó ń bi mí pé ibo lo wakọ̀ dé."