Monínúọlá àti Ẹrẹ̀ Tí Kò Kó

Àìbìkítà ni àrùn Monínúọlá. Kì í jalè, kì í bú ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kúrò níwájú rẹ̀, ó tán lójú rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún méje ni mo fi ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìgbẹ́mọ, tí mo ń tà á ní Ọjà Ọba, Adó.

Ẹkù rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, wà lókè odò. Omi ìdọ̀tí ẹkù kì í bọ́ sódò tààrà. Àwọn ìyá wa ti gbẹ́ kòtò méjì fún un. Ẹrẹ̀ inú kòtò ní í jẹ ìdọ̀tí náà, tí omi tó mọ́ á wá rọra ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń kó ẹrẹ̀ yẹn lọ sí oko ẹ̀fọ́. Bó bá pẹ́ jù, á rà, á sì bi gbogbo ohun tó jẹ padà sínú omi.

Ní 1954 tí epo gbówó lórí, Monínúọlá kò kó ẹrẹ̀ mọ́. Gbogbo àwọn tó ń bá a kó o, ìdí ẹyìn títẹ̀ ló kó wọn sí. Bàbá Adébíyìí, tí oko rẹ̀ wà nítòsí, wá bá a.

"Ìyá Ẹ̀bùnọlá, ẹrẹ̀ yìí ti yó o. Kó o."

"Ẹrẹ̀ ló wá kàn yín báyìí, Bàbá? Ẹ gbé ọkọ́ yín wá, kẹ́ ẹ kó o lọ sí ulé yín."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu omi yìí."

"Wọn ò lẹ́sẹ̀ ni? Kí wọ́n lọ pọn ibòmíràn!"

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀bùnọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé ọkọ nísàlẹ̀ odò yẹn kan náà, ó ń tọ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Monínúọlá mọ̀. Kò kàn rò ó débẹ̀ ni.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, odò fà. Omi dúdú ń ti inú kòtò jáde. Kò pẹ́, odò di àwọ̀ ewé, ó yi bí ọbẹ̀ ilá. Ẹja léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Ẹ̀bùnọlá pọn omi náà, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ fún ọmọ, torí kò sí omi mìíràn. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n sáré gbé e dé Adó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú bá a.

Ẹ̀bùnọlá kò pariwo. "Màmá, omi yín ni mo fún un mu." Ohun tó sọ nìyẹn. Kò wọ ilé ìyá rẹ̀ mọ́.

Ìlú ti ẹkù náà pa. Láràárọ̀ ni Monínúọlá ń rìn lọ síbi ìsun kan tó jìnnà, tí á sì gbé ìkòkò omi mímọ́ kan sẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀. Bí mo bá kọjá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìkòkò náà á ṣì kún dẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lókè omi, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí ọjà bá tà. Ìgbà tí ẹ bá kó ìdọ̀tí rẹ̀ síbi tó yẹ ló tó parí. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ má sọ pé ẹnì kan ò kìlọ̀ fún yín.