Ebè Kẹrin ní Oko Àkànmú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní abà Òkè-Ọ̀pẹ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àdùfẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ìgbéraga pọ̀ lára rẹ̀: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìṣòro ilé òun.

Àìsàn ọkàn ń ṣe Bàbá Dúró, ọkọ rẹ̀. Dókítà ní kó má ṣe iṣẹ́ líle mọ́, kí tọkọtaya sì máa wá sí ìpàdé àwọn tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Àdùfẹ́ kọ̀. "Kí wọ́n lè máa fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi nìkan á tọ́jú rẹ̀."

Kò pẹ́ tí àáró fi kan oko Àkànmú, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún ló máa ń jọ ro oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Dúró wà lára wọn.

Bàbá Dúró bẹ ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Dúró, jẹ́ kí n sọ fún wọn."

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan! Ẹ kọ ebè mẹ́ta, kí ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín. Ta ni ẹ̀yìn kì í dùn?"

Ó lọ. Ó ń fà lẹ́yìn, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Àkànmú ní, "Bàbá Dúró, ebè lò ń kọ ni, àbí ò ń fọwọ́ pa á lórí?" Ojú tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára kọ ebè. Kò kọ ebè kẹrin tán tó fi ṣubú.

Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù. Orí ló yọ ọ́. Nígbà tí Àkànmú gbọ́ nípa àìsàn náà, omi lé ròrò sójú rẹ̀: "Ìyàwó wa, o jẹ́ kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu mi pa ọ̀rẹ́ mi. Kí la ṣe yín?"

Yẹ̀yẹ́ tí Àdùfẹ́ ń sá fún, òun fúnra rẹ̀ ló rán ọkọ rẹ̀ lọ bá a.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé láti ọsibítù, kò tíì wọlé tó fi dúró láàárín abà, tó pariwo: "Ọkàn ọkọ mi kò le! Apá èmi nìkan kò ká a. Ẹ gbà mí!"

Títí di òní, ọkùnrin mẹ́rin ló ń kọ ebè Bàbá Dúró. Òun a jókòó sábẹ́ igi, a máa pọ́n àdá wọn. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, Àdùfẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń mú un lọ sí ìpàdé. Ibẹ̀ làwọn ìyàwó bíi tirẹ̀ ti kọ́ ọ ní ọbẹ̀ aláìníyọ̀ tó ṣeé jẹ, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Aláìsàn nílò èèyàn, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà nílò èèyàn. Ìtìjú kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.