Ọjọ́ Tí Ìbídùn Kò Ṣubú

Ẹ̀yìn ń ro mí. Láti àárọ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé lórí kọnkéré, torí pé láti ìsàlẹ̀ ni fọ́tò ẹni tó ń fò ti ń dùn ún wò. Ìbídùn ń fi pátákó onítáyà rẹ̀ fo àtẹ̀gùn, ó ń ṣubú ṣáá. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ayé ìsìnyí kórìíra ìṣubú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti yẹ̀, kámẹ́rà á ti fúnra rẹ̀ tún àwòrán ṣe nínú dígí rẹ̀, á gbé e dúró ṣánṣán.

Lójijì, ó pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fò ó! Mi ò ṣubú!"

Mo fi fọ́tò náà hàn án. Kò yàtọ̀ sí àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Ó wò ó títí. "Ẹ ṣáà fojú ara yín rí i?"

Ó ti rẹ̀ mí jù láti purọ́. "Ìbídùn, inú kámẹ́rà ni mo ń wò."