Sílíńdà Kẹta

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ Tíṣà Zachariah wọ ọgbà Malachi, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Malachi ni mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ìdèrè, béèyàn bá ti ń jáde ní Ìgbó-Ọrà. Ọkọ̀ náà kò dúró títí táyà iwájú fi gun etí bẹ́ésìnnì tí Malachi ń da ọ́ìlì dúdú sí. Malachi fa bẹ́ésìnnì náà yọ.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Keturah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ó ṣì di ilẹ̀kùn mú fúngbà díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Malachi dọ̀bálẹ̀. Tíṣà ló kọ́ ọ ní fíísíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama, kí Tíṣà tó fẹ̀yìn tì.

"Káàárọ̀, Malachi. Àná ló bẹ̀rẹ̀ èyí. Kò fà mọ́. Bẹ́ẹ̀ Sátidé ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kúáyà lọ ìsọjí ní Lánlátẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Àwọn ọmọ kékeré, sà?"

"Àwọn kékeré ni. Àwọn àgbà ti rí ọkọ̀ tiwọn wọ̀."

Malachi wo iwájú ọkọ̀. Iná ọ̀tún ti fọ́ yángá. "Kí ló ṣe eléyìí, sà?"

"Òpó iná ni. Ibi tí kò yẹ ni wọ́n rì í sí."

"Òpó yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi," ni Keturah wí.

"Ibi tí kò yẹ náà ni."

Malachi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ní sílíńdà kan kò bá àwọn yòókù ṣiṣẹ́, pé mẹ́ta ló ń ru ẹrù mẹ́rin. Ó pa á. Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí àkísà, ó wá mú géèjì tí wọ́n fi ń mọ bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ó dé e mọ́ ihò àkọ́kọ́. Keturah jókòó sí ìjókòó awakọ̀ láti máa bá a yí kọ́kọ́rọ́. Tíṣà dúró ti Malachi.

"Ẹ yí i, mà."

Ẹ́ńjìnnì hanrun díẹ̀, ó dákẹ́.

"Àádọ́jọ," ni Malachi wí.

Ó pe àádọ́jọ fún ìkejì náà. Ó dé géèjì mọ́ ìkẹta, Keturah sì yí kọ́kọ́rọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ díẹ̀ kí Malachi tó la ẹnu.

"Ọgọ́ta."

"Gbé e wá kí n rí i." Tíṣà gba géèjì. Ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e sún mọ́ ọn. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún wò ó. "Ọgọ́ta ni lóòótọ́," ó wí, ó sì dá a padà.

Malachi pe àádọ́jọ fún ìkẹrin.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti kíláàsì. "Ó lè jẹ́ fáàfù, ó lè jẹ́ ríìǹgì písítìnì. Báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀?"

"Màá da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìkẹta, sà. Bí géèjì bá gòkè, ríìǹgì ló ti jẹ, torí ọ́ìlì á dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà sá. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni."

"O káre. Dà á."

Malachi da ṣíbí kan sí i. Keturah yí kọ́kọ́rọ́.

"Ó ti gòkè, sà. Àádọ́fà."

Tíṣà tẹ ọrùn wo géèjì. "Mo rí i. Ríìǹgì nìyẹn." Ó gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀ náà. "A jẹ́ pé títú ni wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó sì máa pẹ́. Ẹ̀yà rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́."

"Kò lè gbé wa dé Lánlátẹ̀ báyìí?"

"Kò lè débẹ̀, sà."

Ọ̀kadà méjì kọjá lójú títì.

"Ìyá Keturah ló bá mi yan àwọ̀ ọkọ̀ yìí," ó wí. "Ṣé ó dá ọ lójú, Malachi?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Mo gbà. Nínú gbogbo yín nígbà náà, ìwọ nìkan ni kì í parọ́ àbájáde àyẹ̀wò. Àwọn yòókù, ohun tí wọ́n rò pé mo fẹ́ rí ni wọ́n máa ń kọ."

Malachi nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gba kọ́kọ́rọ́ tí Tíṣà nà sí i.

Keturah dá takisí kan dúró fún bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ, pé òun fẹ́ kó àwọn ìwé orin kúrò nínú búùtù. Tíṣà jókòó síwájú, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kó máa wojú ọ̀nà.

Nígbà tí takisí náà ti yí kọ́nà, Malachi dá àwọn pọ́lọ́ọ̀gì padà, ó so wáyà wọn padà, títí kan ti ìkẹta tí Keturah fọwọ́ ara rẹ̀ yọ láti àná, ẹ́ńjìnnì náà sì ń dún jẹ́ẹ́ láìgbọ̀n rárá nígbà tí Keturah bi í pé èló gan-an ni géèjì sọ fún ìkẹta, tí Malachi sì fèsì láìgbójú sókè pé, "Àádọ́jọ ni, mà, bíi ti àwọn yòókù, òun náà ni mo gbé sí bàbá yín lójú, wọn kò rí i kà."