Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Tutù

Fadérera tún tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń wo bí ọkàn ẹni ṣe balẹ̀ tó kí ó tó lè fọwọ́ sí ìwé. Dókítà ń dúró de ẹbí tí yóò fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ọkọ rẹ̀, Adégòkè.

"Ọkàn yín ṣì gbóná, ìyá," ni ẹ̀rọ náà wí. "Làákàyè nìkan ni òfin gbà láyè níbí. Ẹ mí kanlẹ̀."

"Ọkọ mi ń kú lọ, o ní kí n mí kanlẹ̀!" Bó ṣe ń pariwo ni iná ẹ̀rọ náà ń pọ́n sí i.

Ó yíjú sí Oyèlẹ́yẹ, àbúrò ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà ìjà ilẹ̀ bàbá wọn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Adégòkè kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Ara tiyín balẹ̀."

Oyèlẹ́yẹ gbé ọwọ́ lé e. Iná náà di àwọ̀ ewé.

"Ṣé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà?" ni ẹ̀rọ náà bi í.

Ó ní kí òun dáhùn, ló bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn gíláàsì, tó ti rù kan eegun. "Bọ̀dá mi," ló sọ, omi sì lé ròrò sí i lójú. Iná náà pọ́n.

"Ọkàn tiyín náà ti gbóná," ni ẹ̀rọ náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ lọ wá ẹni tí kò mọ aláìsàn náà rí wá."